Ẹ̀gbà Tí Kì Í Béèrè Ọ̀rọ̀

Nígbà tí ọkọ̀ okùn, èyí tó ń gba orí okùn kọjá lókè adágún, jáde kúrò nínú ìkùukùu, ibùdókọ̀ Òkè Ìyùn ti sún mọ́ tòsí ju bó ṣe yẹ lọ. Rẹ̀mílẹ́kún, awakọ̀ rẹ̀, rí i. Ojú rẹ̀ rí i dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tètè gbọ́. Ó fẹ́ fa ìjánu, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni pé ó rán ènìyàn níṣẹ́ tí onítọ̀hún sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Kó tó fà á tán, ọkọ̀ ti forí sọ igi ìdádúró, gbì! Àwọn èrò ṣubú lu ara wọn. Agbọ̀n tòmátì kan dànù, tòmátì ń yí gbirigbiri lábẹ́ àga.

"Yéè! Orí mi ò!" Ìyá arúgbó kan ló ké bẹ́ẹ̀, tó bá ara rẹ̀ lórí eékún.

Rẹ̀mílẹ́kún fò jáde ní àyè awakọ̀, ó gbé ìyá náà dìde. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?"

"Kò sí, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ni." Ìyá náà ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Látìgbà tí omi ti gba àfonífojì lọ́wọ́ wa ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ẹ. Mo mọ bó o ṣe ń wà á. Ìwọ kọ́. Afẹ́fẹ́ adágún yìí ni kò mọ àgbà."

Àwọn èrò yòókù gbè é lẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ ni. Ẹnì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹlòmíràn ń bá olówó tòmátì ṣa tòmátì rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá awakọ̀ lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló sì dun Rẹ̀mílẹ́kún wọra, nítorí òun mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀gbà ìlera tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kúrò nílé ìwòsàn ńlá ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ẹ̀gbà náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ìyàwó tuntun. "Jẹjẹrẹ kò sí lára yín. Ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Bó ṣe ń kí gbogbo ayé nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá fi í sí lọ́wọ́, "ẹ káàárọ̀, sà" ni yóò kí i. Rẹ̀mílẹ́kún fa etí aṣọ òtútù rẹ̀ pọ̀. Oòrùn ti yọ, àwọn ènìyàn ń làágùn lórí ibùdókọ̀, òun nìkan ló ń gbọ̀n.

*

Adéyanjú, ọkọ rẹ̀, wà lórí òrùlé, ó ń ro ọgbà ẹ̀fọ́ wọn. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí gbogbo adágún náà, àti orí àwọn igi àtijọ́ tó ṣì yọ sókè nínú omi, àti okùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta láti Òkè Ìyùn dé Òkè Ọrẹ. Okùn Ńlá ni wọ́n ń pè é. Kò tíì sí ọkọ̀ tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí i, Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sì yàn láti wa ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún un ti wà lórí ìkọ́ nínú yàrá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Ìní," ló wí, "mo fẹ́ lọ rí Dókítà Fámúrewá."

Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ Adéyanjú. "Ẹ̀gbà ẹ ti pọ́n ni?"

"Rárá. Ewé ni."

"Tó bá jẹ́ ewé ni, kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ dókítà?"

"Ó ń rẹ̀ mí. Òtútù ń mú mi. Mo ń gbàgbé nǹkan. Ohùn mi náà, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ bó ṣe rí."

"Ẹni tó bá ti jà bó o ṣe jà, ó gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́." Ó jókòó sí etí ebè. "Rẹ̀mí, o mọ òfin. Kó o tó jókòó síwájú Fámúrewá, ó di dandan kó o bọ́ ẹ̀gbà. Tó o bá sì ti bọ́ ọ, Àṣẹ Ewé tó ń jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ Ìlera á ní o kò gba ẹ̀rọ àwọn gbọ́. O ò ní lè wa ọkọ̀ mọ́. Ìyáàfin Àrẹ̀mọ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ṣebí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló lọ fi han dókítà? Ṣé ó ti padà sí kíláàsì?"

"Kò tíì padà."

"Ìwọ náà rí i. Jẹ́ kí wọ́n ṣí Okùn Ńlá ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o sinmi."

Rẹ̀mílẹ́kún wá sọ fún un nípa ibùdókọ̀, nípa ìjánu àti ìyá arúgbó tó ṣubú lórí eékún. "Ó tún ń bá mi wá àwáwí. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Bàbá Ìní, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí Okùn Ńlá, ọmọ ilé ìwé ló máa pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹn, omi ló sì wà nísàlẹ̀ títí dé òdìkejì. Àwọn ìyá wọn á fà wọ́n lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní 'Ìyá Ọkọ̀, ọwọ́ yín ló wà o.' Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ewé ni?"

Adéyanjú ń wo ilẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí. "Mo jókòó tì ẹ́ nílé ìwòsàn yẹn títí mo fi mọ gbogbo ihò tó wà lára ògiri. Bí ẹ̀gbà yẹn bá ti sọ pé kò sí, mo máa ń rí oorun sùn. Bó o bá lọ sọ́dọ̀ Fámúrewá, tó sì wò ẹ́, tó ní ó ti padà ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú Rẹ̀mílẹ́kún náà nìyẹn, tí kò lè là á fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í lórí ebè, láàárín ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Tó bá ti padà, á kúkú ti wà níbẹ̀ bóyá a wò ó bóyá a kò wò ó. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé pẹ̀lú ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó ọrùn mi. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé ìwòsàn ńlá, ó ní, 'Tí wọ́n bá ṣe tiwọn tán, padà wá. Àwọn á máa wo jẹjẹrẹ. Ìwọ ni èmi máa wò.' N kò padà. Ìbẹ̀rù pé ewé máa bọ́ lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí n padà."

Adéyanjú dìde, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. "Jẹ́ kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi. Mo máa bá ẹ lọ."

*

Ilé Dókítà Fámúrewá wà nídìí Òkè Ìyùn, létí omi. Ilé náà kì í kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn ilé tuntun ṣe ń ṣe. Ajá kan ló gbó wọn. Dókítà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àwọn bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti jókòó síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ẹ káàsán, sà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó kúnlẹ̀.

Bàbá náà gbójú sókè, ọsàn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ Àbẹ̀kẹ́! Dìde, dìde. O wá. Mo ti ní o máa wá." Ó yíjú sí Adéyanjú. "Ìwọ lo mú un wá?"

"Òun ló mú èmi wá, sà."

Nínú yàrá àyẹ̀wò, Rẹ̀mílẹ́kún di ìdè ẹ̀gbà náà mú. Kò tíì bọ́ ọ rí.

"Mà," ni ẹ̀gbà náà wí, "tí ẹ bá bọ́ mi, Àṣẹ Ewé yín yóò dúró. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó rántí ẹ̀wù tó wà lórí ìkọ́.

"Mà, ẹ dákun, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú," ló dáhùn, ó sì bọ́ ọ. Àwọ̀ ewé náà kú fẹ́ẹ́.

Dókítà gbé e sínú àwo kan, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó yá. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ó sì dákẹ́. Ohun tó ya Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́nu nìyẹn, pé ó dákẹ́ lóòótọ́, pé kò wo ẹ̀rọ, kò wo ojú fèrèsé, ó ń retí kí òun sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òtútù. Ó sọ ti irun tó ń já, ti ara tó wúwo bí àpò iyanrìn, ti ìjánu. Ibi tó rò pé ọ̀rọ̀ parí sí, ibẹ̀ ni òmíràn ti yọ. Ó ní òun gbàgbé orúkọ ọ̀rẹ́ òun tó kú nílé ìwòsàn, ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí ti òun, tí àwọn jọ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ oúnjẹ wọn. Ó ní òun ń ronú pé kí nìdí tí òun fi wà láàyè tí obìnrin yẹn kò sí. Omijé dé. Dókítà kò ní kó má sunkún. Ó na aṣọ ìnujú sí i, ó ń retí.

Lẹ́yìn náà ló wá dìde. Ó fi ìka wá gbogbo ọrùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Ó wo awọ ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ. Ó ní kó kúnlẹ̀ sórí àga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ so rọ̀, ó sì fi òòlù onírọ́bà kékeré kan lù ú lókè gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ta kíá, àmọ́ ó ń padà sílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

"Hẹn-ẹn," ni Dókítà wí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka rẹ̀, ó fi sínú ẹ̀rọ kan tó ti darúgbó bíi tirẹ̀. Wọ́n jẹ ọsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà ń kùn.

Dókítà wọlé lọ wo ẹ̀rọ náà, ó jáde. "Jẹjẹrẹ kọ́," ló wí.

Adéyanjú bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Jẹjẹrẹ kò padà. Ẹ̀gbà kò purọ́ fún yín. Nǹkan kékeré kan wà níwájú ọ̀fun, ó rí bíi labalábá. Òun ló ń koná mọ́ gbogbo ara. Ìtànṣán tí wọ́n fi jó jẹjẹrẹ náà, ó jó aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Iná ara ẹ ti ń kú lọ, Rẹ̀mílẹ́kún. Ìdí tó o fi ń gbọ̀n nínú oòrùn nìyẹn, tí ọwọ́ ẹ fi ń pẹ́ gbọ́ràn. Oògùn wà. Hóró kékeré kan láràárọ̀, kó o tó jẹun. O máa padà di ara ẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀gbà kò sọ, sà?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Ta ló bi í? Jẹjẹrẹ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún, ó rín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ó béèrè ohun tó ń bẹ̀rù àtibéèrè. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, sà? Okùn Ńlá?"

"Rárá o." Bàbá náà kò fi epo ra á. "Ara ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí. Tí mo bá ní kó o máa lọ, àwọn tó máa wọ ọkọ̀ náà ni mo pa irọ́ fún."

*

Òfin ní kí ẹni tó bá bọ́ ẹ̀gbà wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú Ìgbìmọ̀ Ìlera, ní gbangba. Gbọ̀ngàn Òkè Ọrẹ kún lọ́jọ́ náà, nítorí gbogbo ayé ti gbọ́ pé awakọ̀ Okùn Ńlá ti bọ́ tirẹ̀.

Olóyè Bánjọkọ ló jókòó sípò olórí. Obìnrin tó le ni, gèlè rẹ̀ kì í wọ́. Òun ló gbé òfin ẹ̀gbà kalẹ̀.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ló wí, "àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo ni jẹjẹrẹ padà mú. Wọ́n ti wò ó sàn, ó ti ń jó, ó ti ń rìn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tí a máa mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí gbogbo yín tí wọ́n wò sàn máa wọ ẹ̀gbà. Kí ló wá dé tó o bọ́ tìẹ?"

Rẹ̀mílẹ́kún dìde. Ohùn rẹ̀ há, gbọ̀ngàn ní láti pa rọ́rọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ìrora àbúrò yín, mà. N kò bá ẹ̀gbà jà. Tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ yìí, mo máa wọ̀ ọ́ padà. Àmọ́ ẹ̀gbà ń wá jẹjẹrẹ lára mi ni, kò wá èmi. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ ìyá mi, tó mọ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín kí n tó ṣàìsàn, ó sì rí ohun tí ì bá mú kí n da àwọn ọmọ yín sínú omi. Ohun tí òfin sì fi san án fún mi ni pé kí ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mà, ẹ̀yin kò fi ìyà jẹ àìsàn. Ẹni tó lọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ ń fi ìyà jẹ. Nítorí náà, a kì í sọ̀rọ̀."

"Ta ni 'a'?" ni Olóyè béèrè.

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí àwọn èrò. Ẹ̀gbà ń tàn káàkiri gbọ̀ngàn náà, ewé níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó mira. Ẹ̀rù bà á pé òun nìkan ló máa dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, Ṣẹ́gilọlá, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo Òkè Ọrẹ. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá iná wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá, àwọn mìíràn ṣì jẹ́ egbò tútù.

"Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fà sí mi lára ló pa ìka mi," ló wí. "N kì í mọ̀ bí iná bá ń jó mi. Ewé ni mí. Tí mo bá lọ sọ fún dókítà, ta ló máa ṣe búrẹ́dì?"

"Èmi kì í sùn," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí Ṣẹ́gilọlá tó jókòó.

"Ọkàn mi ń já."

"Mo ń bẹ̀rù, n kò mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù."

"Èmi àti ìyàwó mi kò jọ sùn mọ́ látìgbà náà, a kò sì mọ ẹni tí a máa bi."

Wọ́n ń dìde níkọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n ń dìde lọ́pọ̀, bí òjò ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Olóyè Bánjọkọ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àga rẹ̀. Ó rìn láàárín èrò títí dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gilọlá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo àwọn àpá náà. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Èmi rò pé mo ti ń ṣọ́ yín," ló wí, ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

Ó padà sáàárín gbọ̀ngàn. Ó bá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́; wọ́n mi orí. "Ẹ gbọ́," ló wí. "Láti òní lọ, ẹni tó bá lọ rí dókítà ìdílé rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó lọ. Dókítà tó fọwọ́ kàn án ni yóò sọ bóyá ó lè ṣiṣẹ́ tàbí kó sinmi, tó bá sì sinmi, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é. Ẹ ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Àrẹ̀mọ pé àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ ní kíláàsì."

Ariwo tó sọ ní gbọ̀ngàn náà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ òkè gbọ́ ọ.

*

Awakọ̀ mìíràn ló wa ọkọ̀ àkọ́kọ́ lórí Okùn Ńlá. Rẹ̀mílẹ́kún dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú èrò, ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Ó dùn ún. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ láyọ̀ ní òdìkejì, òun ló kọ́kọ́ hó yèè.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ti ta aṣọ ìbora dànù lóru, ooru ń mú òun. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Nígbà tí ọjọ́ tí Dókítà dá fún un pé, ó gba ilé létí omi náà lọ. Kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Bẹ́ǹṣì ti kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún, àwọn kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n so ó mọ́ òpó ilé. Ìyàwó Dókítà ń gbé àga ìdáná jáde. Ajá ti gbó títí, ó ti sùn.

"Kí ló gbé ẹ̀yin wá?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni. Ó ní tí n kò bá wá, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀."

"Èmi, Dókítà yìí ló tọ́jú bàbá mi," ni obìnrin kan gbà á sọ. "Ó mọ irú ẹni tí a jẹ́ nílé wa. N kò ní bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìpìlẹ̀."

"N kò mọ ohun tó gbé èmi wá," ni Ṣẹ́gilọlá wí, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wò mí."

Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn wọn pátápátá, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń ráhùn pé ìlà náà kò lọ.

Nígbà tó kan Rẹ̀mílẹ́kún, Dókítà lu gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ta, ó sì padà wéré. Ó ní kó sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kó di òun lọ́wọ́ mú kó fún un. "Ó tó, ó tó, má ṣẹ́ ẹ," ni bàbá náà ké. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú. "Máa lọ wa ọkọ̀ ẹ. Ṣé èmi ni kí n sọ fún àwọn ará ìta ni, àbí ìwọ ni wàá sọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mí sínú dáadáa, ó sì fi ohùn tí wọ́n ti ń gbọ́ lórí adágún náà látẹ̀yìn wá, ohùn gbọnmọnran tí kì í há nínú afẹ́fẹ́, ké sí wọn:

"Ẹ̀yin ará! Ọ̀la ni mò ń gba Okùn Ńlá lọ sí Òkè Ọrẹ! Ta ló ń bá mi lọ?"

Gbogbo wọn hó, wọ́n dìde gìrì. Ṣẹ́gilọlá ń fi ọwọ́ tí wọ́n dì jó. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń bi í ní àsìkò tí ọkọ̀ máa ṣí.

Nígbà tí wọ́n máa rántí ìlà wọn, ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ti gba àárín wọn kọjá jẹ́jẹ́, ó ti wọlé sọ́dọ̀ Dókítà, ó sì ti ti ilẹ̀kùn.